Ìgbàgbọ́ Lẹ́bàá Odò Ọya: Ohun Tí Lọ́kọ́ja Ti Rí Rí

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń wọlé, tí òjò ti dáwọ́ dúró, ẹnikẹ́ni tó bá dé páàkì ọkọ̀ nílùú Lọ́kọ́ja yóò rí i pé mọ́tò tó ń lọ sí Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ kì í pẹ́ kún. Àwọn kan ń lọ ṣe ìgbéyàwó, àwọn kan ń lọ jẹ oyè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, òkú ni wọ́n ń lọ sin. Ibi ìsìnkú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Bàbá kú. Bàbá náà ti joyè nígbà ayé rẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó mọ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ mọ̀. Ọmọ rẹ̀ àgbà ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, ó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ rẹ̀. Ó délé, àwọn àgbà pè é sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kò sí bí àwọn ṣe lè gbẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣe báyìí báyìí. Ẹran kan wà tí wọn yóò fi bọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan wà tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Òru kan sì wà tí àwọn obìnrin ilé kò gbọdọ̀ yọjú síta. Bí ó bá ní òun kò ṣe, wọn kì í sábà bá a jà. Wọ́n á kàn wò ó, wọ́n á ní, "Ó dáa, a ti gbọ́. Ìwọ àti ìjọ rẹ, ẹ wá gbé òkú yín."

Gbólóhùn yẹn wúwo ju kùmọ̀ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò ní bá a gbẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin ilé kò ní bá a dáná, àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ kò sì ní yọjú. Ìtumọ̀ rẹ̀ tún ni pé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, wọ́n lè bi í pé ọmọ ta ni. Ẹni tí kò bá tíì wà nírú ipò yìí rí lè rò pé nǹkan kékeré ni. Ọmọ Yorùbá tí ilé bàbá rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, kí ló kù fún un?

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, méjì la máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kó máa bú gbogbo ohun tó bá rí nílé, kó pè é ní iṣẹ́ èṣù, látorí ìlù títí dórí aṣọ. Àwọn mìíràn á ní kó ṣe é níkọ̀kọ̀, kó wá tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwa kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tó sì mú wa sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìlú Lọ́kọ́ja yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ọ̀ràn náà. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń dojú kọ ọ́ lẹ́bàá odò yìí, tí wọ́n sì ti fi ọgbọ́n àti omijé wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Lọ́dún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wá sórí Odò Ọya. Albert, Wilberforce àti Soudan ni orúkọ wọn. Lára àwọn tó wà nínú wọn ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822, tó gbé e lọ sí Sàró. Àwọn tó wá náà ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ígálà nítòsí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, wọ́n dá oko àpẹẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ibà kò jẹ́ kí wọ́n rí i gbé ṣe. Òyìnbó tó lé ní 40 ló kú, nígbà tó sì di ọdún 1842, wọ́n ti pa oko náà tì. Gbogbo agbára ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀fọn lásán ló borí rẹ̀. (Àwọn tó wá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. Afẹ́fẹ́ burúkú ni wọ́n ń dá lẹ́bi.)

Nígbà tí Dókítà Baikie wá lọ́dún 1854 pẹ̀lú ọkọ̀ Pleiad, ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì lò lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò sì kú nínú wọn. Crowther wà pẹ̀lú wọn nígbà yẹn náà. Lọ́dún 1857 ló wá fìdí iṣẹ́ Ọlọ́run múlẹ̀ lórí odò náà, ní Ọ̀nìṣà àti ní Gbebe, ìlú kan tó wà ní òdì kejì odò sí ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí. Ohun tó sì yẹ kí gbogbo wa fiyè sí ni pé kì í ṣe Òyìnbó ló fi sí àwọn ibùdó wọ̀nyí. Ọmọ Adúláwọ̀ bíi tirẹ̀ ni wọ́n, àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí tàbí tí òbí wọn jẹ́ ẹrú rí.

Ọ̀kan nínú wọn ni James Thomas, tó dé Gbebe lọ́dún 1858. Ẹ̀yin ará Yàgbà, ẹ tẹ́tí o, ọmọ yín ni. Wọ́n kó o lẹ́rú kúrò nílé, ó bá ara rẹ̀ ní Sàró, lẹ́yìn náà ló padà wá gbé ní etí odò, níbi tí kò jìnnà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti jí i kó. Àkọsílẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ wà títí dòní, òpìtàn Fẹ́mi Kọ́lápọ̀ sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé kà. Kò ní ìbọn, kò ní ọlọ́pàá. Nígbà tí omi bá kún nìkan ni ọkọ̀ ńlá ń rí ọ̀nà gòkè wá láti etí òkun, ìyẹn bí ìgbà kan lọ́dún. Owó oṣù rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti ìwé tí ará ilé kọ sí i, ọkọ̀ yẹn ló ń gbé gbogbo rẹ̀ bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti padà, ó di àmọ́dún.

Gbebe ìgbà náà jẹ́ ìlú ọjà. Ígálà, Ìgbìrà, Tápà, Haúsá àti Yorùbá ló ń gbé ibẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó ń bọ, àwọn Mùsùlùmí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi, kì í ṣe pé ó ń pààrọ̀ ibi tó ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan. Ó ń kúrò nínú ohun tó so ó mọ́ ilé, mọ́ ọ̀gá rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ẹrú, àti mọ́ ọkọ rẹ̀ bó bá jẹ́ obìnrin. Síbẹ̀, lọ́dún 1862, Crowther ṣe ìrìbọmi fún àwọn àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọn kò pọ̀. Ìjọ kékeré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú lọ́dún 1866, Gbebe parẹ́, àwọn onígbàgbọ́ sì kó ẹrù wọn sọdá sí Lọ́kọ́ja. Bí ìjọ ṣe gbilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja nìyẹn o, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni wọ́n gbé e débẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ohun tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ṣẹlẹ̀. Crowther ti di Bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, nítorí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864 ni wọ́n fi í jẹ oyè náà ní Canterbury. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1867, ó ń bọ̀ láti Ìdá nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀. Ó dúró lójú ọ̀nà láti kí ìjòyè Ígálà kan tí wọ́n ń pè ní Abokko. Wọ́n ti mọra tẹ́lẹ̀. Ìkíni ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ló bá débẹ̀, bí ọmọ Yorùbá ṣe máa ń ṣe, pé kò yẹ kéèyàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà àgbà láìyà. Abokko mú un, ó mú ọmọ rẹ̀, ó kó gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ wọn, ó sì ní òun yóò gba owó ìràpadà, owó ẹyọ tí apá ìjọ kékeré bíi tiwọn kò lè ká.

Kí ni Bíṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ ẹ́? Kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá. Ohun tó ń bí Abokko nínú ni pé àwọn ọkọ̀ oníṣòwò Òyìnbó ń kọjá lójú omi tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọn kò sì fún un ní ohun tó kà sí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, Crowther àti àwọn oníṣòwò, ọ̀kan náà ni wọ́n. A ò sọ pé ohun tí Abokko ṣe dára o. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Nígbà púpọ̀ tí àwọn alágbára bá gbógun ti onígbàgbọ́ lórúkọ àṣà, òrìṣà kọ́ ló ń bí wọn nínú. Ẹ̀tọ́ ni, ọlá ni, pé ẹnì kan ti rékọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn láìkí àwọn. Bákan náà ló rí lábúlé lónìí, ìdajì ìbínú àwọn àgbà sí ọmọ tó wà ní Lọ́kọ́ja ni pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí kò ti wá kí wọn.

Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, ọ̀gbẹ́ni Fell, gbọ́, ó sì wá pẹ̀lú ọkọ̀ láti gbà wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀, wọ́n sáré já wọn gbà sínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sá lọ ni wọ́n ń ta ọfà tẹ̀ lé wọn. Bíṣọ́ọ̀bù bọ́, ọmọ rẹ̀ bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú.

A máa ń gbọ́ tí wọ́n ń ròyìn ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Ọlọ́run ń yọni nínú ewu. Òótọ́ ni, Ọlọ́run yọ Crowther. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá yọ ọ́ kú. Ṣé a óò sọ pé Ọlọ́run kò rí Fell ni? Ẹni tó bá ti ka ìwé Dáníẹ́lì orí kẹta yóò rántí pé àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yẹn kò ní ìdánilójú pé iná kò ní jó wọn. Wọ́n ní Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn, ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ gba àwọn, àwọn kò ní tẹrí ba. Irú ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni Crowther ní láti gbé lọ pẹ̀lú òkú ẹni tó kú nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà ní Ìdá dúró. Lọ́dún 1869, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, àsíá ọbabìnrin sì kúrò níbẹ̀. Ìlú wá ku Masaba, Etsu Núpé tó wà ní Bídà, tí àṣẹ rẹ̀ dé Lọ́kọ́ja, àti ìjọ kékeré tí kò ní ọkọ̀ ogun kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ìjọ náà kò kó lọ.

Ní ọdún 1869 yẹn kan náà, ní Lọ́kọ́ja yìí, Bíṣọ́ọ̀bù bá àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìtọ́ni kan tó jẹ́ pé, lójú tiwa, ó yẹ kí gbogbo pásítọ̀ ìpínlẹ̀ Kogí mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí pé ọdún méjì péré ló kọjá tí wọ́n jí ọkùnrin yìí gbé. Ẹrù rẹ̀ ti lọ, wọ́n ti pa èèyàn níwájú rẹ̀. Ká ní ó bú gbogbo ohun tó jẹ́ àṣà lọ́jọ́ náà, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀sìn Kristi wá láti rọ́pò ìsìn èké, kò sí àdéhùn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní kò wá láti sọ orílẹ̀-èdè kan di ohun tí kì í ṣe. Ó ní kí wọ́n má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ẹgbẹ́ aláràn-án-ṣe tí àwọn èèyàn ní, àwọn ẹgbẹ́ tí í ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà ìnáwó àti ìṣòro. Níbi tí ohun ìbọ bá ti wọ inú rẹ̀, kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Eré tí kò ní ìwà ìbàjẹ́ nínú, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìtàn, òwe àti orin, ó kà wọ́n sí àká ọgbọ́n tí àwọn èèyàn fi ń kọ́ ọmọ wọn.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹni tó ń wá ojú rere kiri. Lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀, kò gba gbẹ̀rẹ́ rárá títí ó fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí lé ọ̀pọ̀ ọlọ́lá jìnnà sí ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n ó ti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ hàn pé òun mọ ohun tí òun ń sọ. Nígbà tó ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, kò gbé orúkọ Ọlọ́run wá láti ìlú Òyìnbó. Ọlọ́run tí àwọn ará Òṣogùn ti ń pè kó tó di ẹrú ló lò. Ó tún gba ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti ń sọ, àlùfáà, wòlíì, ìwàásù, àdúrà, ó fi wọ́n sẹ́nu Kristẹni. (Bí ó ṣe fi Èṣù túmọ̀ Sátánì ni àwọn kan ṣì ń bá a jiyàn lé títí dòní, a ò sì ní lè parí ìyẹn lójú ìwé yìí.)

Ẹ má sì rò pé ojo ló ń sọ ọ́. Lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù kan náà, ní Bonny lójú odò kan náà nísàlẹ̀, wọ́n ní kí Joshua Hart wá jẹ nínú ohun tí wọ́n fi bọ òrìṣà lọ́dún 1875. Ó kọ̀. Wọ́n dè é lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sómi, ó sì kú sí i. Ẹrú ni. Ẹnikẹ́ni kò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ibi tí onígbàgbọ́ kò ti gbọdọ̀ yẹ̀ ni Hart dúró sí, ó sì mọ̀ ọ́n. Kò kú nítorí ìlù tàbí nítorí aṣọ. Orí ìbọ ló kú sí.

Àtakò tó wá dun Crowther jù lọ, kò tọwọ́ abọ̀rìṣà wá. Lọ́dún 1890, ẹgbẹ́ CMS rán àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó kan wá, tí Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson ṣáájú wọn, wọ́n sì fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùjókòó. Àwọn ọmọ yìí ní ìtara. Wọ́n wọ agbádá Haúsá, wọ́n jẹ oúnjẹ tí ará ìlú ń jẹ, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo iṣẹ́ tí àwọn Adúláwọ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, wọ́n ní kò dára tó. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní Ọ̀nìṣà, ìgbìmọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ náà ti lágbára dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù dúró lójú rẹ̀, wọn kò yọ Dandeson ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Baba tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Àwọn tó bá a wí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, kò sì fi ìjọ sílẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú ní Èkó.

A kò mẹ́nu kan èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Robinson kú ní Lọ́kọ́ja lóṣù Kẹfà ọdún 1891, Brooke náà kú níbẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 1892. Àwọn náà fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àṣà Òyìnbó pẹ̀lú jẹ́ àṣà, ó sì lágbára ju ti Abokko lọ. Ìgbéraga tó ń sọ pé Adúláwọ̀ kò lè ṣe olórí, àwọn tó ní in lọ́kàn rò pé ìyẹn náà jẹ́ ara ìyìn rere. Wọ́n wọ aṣọ wa sára, wọn kò gba àwa fúnra wa tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní ilẹ̀ Òkun náà, ọ̀nà ibi tí ìṣòro ti wá ni ìgbàgbọ́ gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni àwọn ajagun Núpé ti kó lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kàbà kọjá lọ ṣẹ́gun Bídà ní oṣù Kìíní ọdún 1897, ọ̀nà ilé là fún àwọn ẹrú náà. Lára àwọn tó padà sílé láti Lọ́kọ́ja, Èkó àti ibòmíràn ni àwọn tó ti mọ Jésù, wọ́n sì bá ẹbí tí kò tíì gbọ́ orúkọ náà rí. Lọ́dún 1908 ni Tommie Titcombe ti ẹgbẹ́ SIM, tó ti Kánádà wá, dé Ẹ̀gbẹ̀. Nígbà náà, ìbí ìbejì jẹ́ èèwọ̀ ní Yàgbà, wọn kì í jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yè. Èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tún ṣe díẹ̀díẹ̀ kó sì bá a gbé. Titcombe àti ìyàwó rẹ̀ dúró ti àwọn ìyá àti ọmọ náà. Wọ́n kò sì sọ̀rọ̀ lásán kí wọ́n kọjá lọ, wọ́n gbé ibẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ lọ́dún 1952, láti inú iṣẹ́ yẹn ló ti yọ. Lónìí, ìyá ìbejì ní Yàgbà ń jó kiri ni.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú. Bí ó bá fi asẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù lò ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 1869 sẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ni yóò kù? Ẹ mú aṣọ ìpò bí àpẹẹrẹ, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú ń hun, tí wọ́n ń fi sin àwọn ọlọ́lá, tí wọ́n sì ń lò fún eégún pẹ̀lú. Onígbàgbọ́ kan lè ní òun kò fẹ́ rí i nítorí eégún. Ẹlòmíràn lè ní iṣẹ́ ọwọ́ ìyá òun àgbà ni, ọlá bàbá òun ni, òun yóò nà án sórí pósí. Lójú tiwa, ẹni kejì yìí kò ṣẹ̀. Kí ó bọ́ àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ lóúnjẹ, kí ó san owó ẹgbẹ́ tí bàbá jẹ sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n lù, kí wọ́n kì í, kò sí ìbọ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n fẹ́ ta sí ojúbọ, ìbúra tí kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀, àti kí wọ́n ti ìyá rẹ̀ mọ́lé kí wọ́n sì fi ìyà opó jẹ ẹ́, níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti sọ pé rárá. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Bó ti wù kó rí, òfin kì í bá èèyàn gbẹ́lẹ̀.

Àárín méjèèjì ló le. Náámánì ará Síríà, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti wò ó sàn, bi Èlíṣà léèrè pé nígbà tí ọ̀gá òun bá fara ti òun lọ́wọ́ nínú ilé Rímónì, tí òun sì ní láti tẹ̀ ba, ṣé Ọlọ́run yóò dárí jì òun. Èlíṣà kò gbá a létí. Ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà. A mọ̀ pé àwọn oníwàásù kan kì í fẹ́ ka ẹsẹ yẹn. Àwa rò pé ó wà níbẹ̀ fún irú àwọn tí kò lè kúrò nílé.

Ohun tí àwọn tó ti la irú èyí já máa ń sọ fún wa ni pé ọjọ́ ikú ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá wà láàyè ló yẹ kí ọmọ jókòó tì í, kó bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kí wọ́n sin òun, kó jẹ́ kó sọ ọ́ lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Bàbá mìíràn á ní òun ti gba Jésù, òun kò fẹ́ ètò kankan. Mìíràn á ní kí ẹgbẹ́ òun ṣe ohun tó jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi dandan mú ọmọ òun. Àwọn àgbà kì í fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ òkú lójú, nítorí náà ọ̀rọ̀ bàbá ń jà fún ọmọ ju ti pásítọ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa wálé. Kó máa wá kí wọn nígbà tí kò sí òkú, kó rà oògùn fún ẹni tó ń ṣàìsàn nínú wọn, kó máa dá owó ẹgbẹ́. Crowther yà kí Abokko, ó jìyà rẹ̀, àwa kò sì rí i kà níbì kan pé ó ṣíwọ́ àtimáa kí àwọn ìjòyè etí odò lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, àwọn kan ṣe gbogbo èyí, wọ́n sì ṣì kọ̀ wọ́n. Ilẹ̀ kò ní gbẹ́ ara rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n á gbẹ́lẹ̀ láti òwúrọ̀, àwọn obìnrin ìjọ á gbé ìkòkò kaná. Àwọn àgbà á jókòó lábẹ́ igi lókèèrè, wọ́n á máa wò wọ́n. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn bá mú, ọmọ òkú á gbé oúnjẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ bá wọn níbẹ̀, á dọ̀bálẹ̀. Àwọn kan nínú wọn á gbà á. Àwọn mìíràn á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á sì gbé tiwọn sílẹ̀ níwájú wọn, á padà lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀.